Bọ́ọ̀lù tí Mo Tẹ̀ Mọ́ Yanrìn

Ẹ má pàtẹ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọwọ́ yín kalẹ̀. Akọ̀wé ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á sétí gbogbo wa pé ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù wa fẹ́ fi orúkọ mi, Ninian Birrell, pe ihò kẹrìndínlógún pápá wa, èyí tó wà létí òkun, àti pé ẹni tó ń gbẹ́ orúkọ náà sára òkúta ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Mo ní kí ẹ fún mi láyè kí n sọ̀rọ̀ kí ẹ tó dìbò, gbogbo yín sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ rò pé bàbá arúgbó fẹ́ dúpẹ́ ni. N kò dìde láti dúpẹ́. Mo dìde láti jẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbé mì lọ́dún 1961, kò dà nínú mi láti ìgbà náà, ó kàn ń rà níbẹ̀ ni. Dókítà ti sọ fún mi pé n kò ní rí òjò dídì ọdún yìí. Ẹ má sọ pé Ọlọ́run ló fi àìsàn san án fún mi o. Jẹjẹrẹ ti pa àwọn tó dáa jù mí lọ nílùú yìí, kò bi wọ́n léèrè ìwà. Mo kàn rí i pé bí mo bá kú láìsọ ọ́, ẹ máa gbé orúkọ mi sórí ilẹ̀ tí mo ti ba orúkọ ẹlòmíì jẹ́, ara mi sì kọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá rí lára kó jáde, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má dá mi dúró, torí bí mo bá dúró, n kò mọ̀ bóyá màá lè tún bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú yín kò mọ Geordie Wedderspoon. Àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n kì í dárúkọ rẹ̀, bí wọ́n bá sì fẹ́ dárúkọ rẹ̀, "ayọ́bọ́ọ̀lù" ni wọ́n ń pè é, ẹni tó ń yọ́ bọ́ọ̀lù míì sílẹ̀ nígbà tí tirẹ̀ bá sọ nù. Òun ló ń tọ́jú pápá wa nígbà náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, á ti gbé réèkì rẹ̀ jáde, á máa tẹ́ yanrìn inú àwọn kòtò, á máa dí ihò tí ehoro gbẹ́. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ojú rẹ̀ pọ́n nítorí afẹ́fẹ́ òkun, kì í pariwo. Igi gọ́ọ̀fù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ló fi kọ́ ara rẹ̀ ní eré náà, àmọ́ bó bá gbá bọ́ọ̀lù lójú ìjì, ńṣe ni bọ́ọ̀lù náà máa ń rọra balẹ̀ bí ẹyẹ tó mọ ìtẹ́ rẹ̀. Èmi ńkọ́? Hẹ́dímásítà ni mí, ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì. Orúkọ bàbá mi wà lára pátákó àwọn tó gba ife, ti ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀. Èmi ti dé àṣekágbá lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì nà mí lẹ́ẹ̀mejèèjì. Lọ́dún tí mò ń wí yìí mo tún dé e, ta ni mo bá níbẹ̀? Ẹni tó ń gé koríko. Mo jókòó sídìí tábìlì, mo sọ fún ìyàwó mi pé, "Ṣé ẹni tó ń kó ìgbẹ́ ehoro nílẹ̀ ló máa wá na èmi?" Ẹ gbọ́ ẹnu mi! Ẹnu tí mo fi ń ṣáájú àdúrà àwọn ọmọléèwé láràárọ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ Sátidé ni àṣekágbá. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, mo lọ gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀ fún ìmúra, mo bá Geordie nídìí ihò kẹẹ̀ẹ́dógún, iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ ká jọ gbá èyí tó kù délé. Nígbà tí a dé ihò kẹrìndínlógún, atẹ́gùn gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ sọ́wọ́ ọ̀tún, ó bọ́ sínú koríko gíga tó wà lórí òkìtì yanrìn. Gbogbo bọ́ọ̀lù rẹ̀ ló máa ń kán ọ̀dà búlúù méjì sí lára, ọ̀dà tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n kun ọkọ̀ ẹja àbúrò rẹ̀. A wá a, a wá a, ẹ̀gún gún wa lẹ́sẹ̀, a ò rí i. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní, "Geordie, gbàgbé rẹ̀, ehoro ti gbé e mì." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ máa wò ó, ìrù ehoro kan á di búlúù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí a fi dé ibi ihò. Kò sí ẹlòmíì níbẹ̀. Ẹ rántí Ọjọ́bọ̀ yìí.

Sátidé wá dé. Àwọn èèyàn tó wá wò wá tó ọgọ́ta, àwọn apẹja, àwọn ìyàwó ilé pẹ̀lú fíláàsì tíì wọn, àwọn ọmọ iléèwé mi. Effie, ìyàwó Geordie, wà láàárín wọn, ó di ọwọ́ Elspet mú, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Lọ́yà Imrie ni onídàájọ́. Dod Meldrum, apẹja àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń bá mi gbé àpò igi mi. Nígbà tí a gbá ihò kẹẹ̀ẹ́dógún tán, Geordie fi ihò kan jù mí lọ. Bó bá tún jẹ ihò kẹrìndínlógún, ihò méjì péré ló kù, n kò lè bá a mọ́ àyàfi bí mo bá jẹ méjèèjì, kódà ọ̀mì ni. Mo rò ó lọ́kàn mi. Kùrukùru ti ń wọlé láti ojú òkun, ó tutù, ó rí bí aṣọ tí a kò fún dáadáa. Mo gbá tèmi sáàárín ọ̀nà. Geordie gbá tirẹ̀, ó tún lọ sọ́wọ́ ọ̀tún, ó bọ́ sórí òkìtì yanrìn ọjọ́sí yẹn gan-an.

Ẹ mọ àṣà wa: bí bọ́ọ̀lù ẹnìkejì rẹ bá sọ nù, o máa bá a wá a. Okùn bàtà Geordie tú, ó bẹ̀rẹ̀ láti so ó. Èmi ṣíwájú, mo gun òkìtì náà, mo sì rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó jókòó sórí koríko, ó funfun bí ẹyin, àmì búlúù méjèèjì dojú kọ mí. Ọmọdé lè gbá a jáde níbi tó wà yẹn. Mo wo ẹ̀yìn, kùrukùru ti bo àwọn èèyàn. Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún mi, mo fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Yanrìn ibẹ̀ rọ̀. Mo gbọ́ bó ṣe ń wọlẹ̀ lábẹ́ bàtà mi bí ìgbà tí èèyàn bá tẹ ìgbín, mo sì tún gbé gbogbo ara mi lé e, mo yí gìgísẹ̀ náà bí ẹni tó ń pa sìgá. Mo fi ọwọ́ fa koríko bo ojú rẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, Dod Meldrum dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí mi pẹ̀lú àpò mi léjìká. A wo ara wa. Ó gbé àpò náà bọ́ sí èjìká kejì. Bí ìwà ìbàjẹ́ bá láwọ̀, ojú mi ló wà nígbà yẹn, Dod nìkan ló sì rí i.

Geordie dé, Imrie dé, gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í wá bọ́ọ̀lù. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni òfin fún wa. Mo tẹ̀ kiri pẹ̀lú wọn, mo ń fi igi la koríko, mo tún ń sọ pé, "Wàhálà rèé o, Geordie, màá bá ọ kẹ́dùn." Ìṣẹ́jú mẹ́rin ti kọjá nígbà tí Geordie kígbe lókè pé, "Òun nìyí! Mo ti rí i!" Mo sáré lọ bá a. Bọ́ọ̀lù kan wà nínú ihò ehoro kékeré kan, àmì búlúù méjì wà lára rẹ̀. Imrie bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó ní, "Tìẹ ni, gbá a." Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé bọ́ọ̀lù Ọjọ́bọ̀ ni. Geordie kò mọ̀, báwo ló ṣe máa mọ̀? Ó gbá a láti ibi tó burú yẹn, ó gbé e gorí koríko tó yí ihò ká, ó sì fi ìgbá kan ṣoṣo tì í wọlé. Àwọn èèyàn hó. Effie gbé ọmọ rẹ̀ sókè.

Bí mo bá pa ẹnu mi mọ́ níbẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ mi ì bá jẹ́ ìgbésẹ̀ gìgísẹ̀ kan. Geordie ì bá gba ife, èmi ì bá lọ sílé lọ máa fi omi gbígbóná fọ ẹsẹ̀. N kò pa á mọ́. Ìhó ayọ̀ yẹn wọ̀ mí létí bí abẹ́rẹ́. Mo pe Imrie sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fa ojú ro, mo ní, "Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí dùn mí o. Ọ̀tọ̀ ni bọ́ọ̀lù tó gbá yẹn. Mo rí ibi tí èyí tó kọ́kọ́ gbá balẹ̀ sí, mo ti rò pé ojú mi ló tàn mí nínú kùrukùru ni." Imrie ní, "Ninian, ṣé o mọ ohun tí ò ń sọ?" Mo ní, "Wá, kí n fi hàn ọ́." Mo ṣáájú wọn padà sórí òkìtì náà, gbogbo èèyàn tẹ̀ lé wa. Mo kúnlẹ̀, mo bu ọwọ́ mi bọ yanrìn, mo wú bọ́ọ̀lù náà jáde bí ẹni tó ń wú òkú, mo nù ún lára ṣòkòtò mi, mo gbé e lé Imrie lọ́wọ́. Mo ní, "Ó balẹ̀ tagbáratagbára ni, ó rì." Àmì búlúù méjì. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn ní, "Geordie ju èkejì sílẹ̀ gba inú ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ ni! Mo ti gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é!"

Geordie wo bọ́ọ̀lù méjèèjì, ojú rẹ̀ funfun bíi bébà. Ó ní, "Lọ́yà, mi ò ju nǹkan kan sílẹ̀. Mo sọ ọ̀kan nù níbí lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Ó ní láti jẹ́ òun ni." Ó tú àpò rẹ̀ síta níwájú gbogbo èèyàn, ó yọ áńkáṣífì, ó yọ bisikíìtì tí Effie dì fún un. Ó wá yíjú sí mi. Ìtura wà lójú rẹ̀, ẹ gbọ́ mi dáadáa, ìtura! Ó ní, "Ọ̀gá wà níbẹ̀. A jọ wá a ni. Ọ̀gá, ẹ sọ fún wọn. Ẹ rántí, ẹ ní ehoro ti gbé e mì." Gbogbo ojú yí sí mi. Elspet ń wò mí, ọmọ kíláàsì mi. Mo dúró bí ẹni tó ń ronú, mo mi orí, mo ní, "Geordie, má fa èmi sí i. N kò rántí Ọjọ́bọ̀ kankan." Ó ní, "Ninian." Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn náà ló pè é. Òfin ni pé ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù tí kì í ṣe èyí tó ń gbá bọ̀ ti pàdánù ihò, Imrie sì fún mi ní ihò náà, a wá di ọgbọọgba. Geordie gbé igi rẹ̀ kalẹ̀ sórí koríko jẹ́jẹ́, ó mú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n gba etíkun lọ sílé nínú kùrukùru. Nítorí pé ó fi eré sílẹ̀, wọ́n gbé ife fún mi. Wọ́n bu wisikí kún un, mo mu ún. Ó rùn bí omi tí ẹja ti kú sí, mo sì tún ní kí wọ́n bù sí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ fún Dod pé, "O ò rí nǹkan kan o." Ó gbé àpò mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Mi ò rí nǹkan kan. Inú ilé rẹ ni ọmọ mi obìnrin ń gbé, kò sì níbòmíì tó máa kó ọmọ rẹ̀ lọ. Àmọ́ wá ẹlòmíì tó máa gbé àpò rẹ, Ninian. Ó ń rùn sí mi." Mo mọ̀ nígbà tí mò ń bá a sọ̀rọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ló ń gba ilé lọ́wọ́ mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi lẹ́nu láti sọ ọ́.

Ìgbìmọ̀ lé Geordie kúrò nínú ẹgbẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n kàn án mọ́ pátákó ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn yìí, pé George Wedderspoon yọ́ bọ́ọ̀lù. Wọ́n tún gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní ẹni tó ń rẹ́ni jẹ kò lè tọ́jú pápá ọmọlúàbí. Èmi náà jókòó nínú ìgbìmọ̀ yẹn. Mo gbé ọwọ́ mi sókè.

N kò tíì dé ibi tó burú jù. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, àwọn ọmọkùnrin yí Elspet ká nínú ọgbà iléèwé, wọ́n ń fa ẹsẹ̀ ṣòkòtò wọn sókè, wọ́n ń ju òkúta sílẹ̀ gba ibẹ̀, wọ́n ń kọrin pé, "Bàbá Elspet ti rí i o!" Ó gbá ọ̀kan lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ jáde. Wọ́n mú un wá sí ọ́fíìsì mi. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Wọ́n ní bàbá mi ń rẹ́ni jẹ, sà. Bàbá mi kì í rẹ́ni jẹ." Mo ní kó sọ pé òun kábàámọ̀. Ó ní, "Rárá, sà." Mo mú awọ tí a fi ń na ọmọ nínú dúrọ́ọ̀. Mo ní kó na ọwọ́ méjèèjì. Mo nà án ní mẹ́fà. Lẹ́yìn ìkẹta mo ní, "Ṣé bàbá rẹ kì í rẹ́ni jẹ?" Ó ní, "Kì í rẹ́ni jẹ." Mo pé e ní mẹ́fà. Kò sunkún. Èmi tí mo mọ òtítọ́ láyé, tí kò sí ẹlòmíì tó mọ̀ ọ́n àfi Dod, mo na ọmọ tó ń sọ òtítọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi wú bí búrẹ́dì. Mo wá jókòó, mo jẹ oúnjẹ ọ̀sán mi. Ẹran àgùntàn àti ọ̀dùnkún ni. Mo jẹ ẹ́ tán.

Kí oṣù yẹn tó parí, wọ́n kó ẹrù wọn sórí lọ́rì wàrà, wọ́n lọ sí ìlú àwọn awakùsà lódì kejì omi. Geordie tó jẹ́ pé ojú sánmà ló ti ń ṣiṣẹ́ láti kékeré wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ wa èédú. Eruku rẹ̀ pa á lọ́dún 1978. Mo ka ikú rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, mo ṣí ojú ewé tó kàn. Ẹ̀yin ẹ sì fi mí ṣe olórí ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo dúró níbi tí mo dúró sí yìí, lọ́dọọdún, mo ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tuntun pé gọ́ọ̀fù kò ní ọlọ́pàá, pé ẹ̀rí ọkàn ni onídàájọ́ wa. Ẹ máa ń pàtẹ́wọ́. Ó yẹ kí ẹ̀yìn ọrùn yín máa rìn yín báyìí bí ẹ bá rántí rẹ̀. Tèmi ń rìn mí.

Ní oṣù tó kọjá, mo ní kí wọ́n fi mọ́tò gbé mi lọ bá Elspet. Ó ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta, ó ní ilé búrẹ́dì. Ó mọ̀ mí kí n tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ wọlé, Ọ̀gá Birrell. Ẹ má jókòó sórí àga yẹn, ti bàbá mi ni." Mo dúró, mo ro ohun gbogbo fún un bí mo ṣe ń rò ó fún yín yìí. Ó ń nu tábìlì rẹ̀, kò dáwọ́ dúró. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ṣé ẹ rò pé a ò mọ̀ ni?" Ó ní, "Bàbá mi ló ń fi réèkì tẹ́ yanrìn yẹn láràárọ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Ó mọ ẹsẹ̀ gbogbo ọkùnrin ìlú yẹn. Ó ní nígbà tí ẹ wú bọ́ọ̀lù yẹn, ojú bàtà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ìṣó méjì kò sí ní gìgísẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, bàtà yín ni. Ó sọ fún ìyá mi lálẹ́ Sátidé yẹn, mo gbọ́ ọ láti orí bẹ́ẹ̀dì." Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ fún Imrie. Ó dá aṣọ ìnutábìlì dúró. Ó ní, "Ìyá mi bi í bẹ́ẹ̀ náà. Bàbá mi ní, 'Effie, ọmọ wa wà níléèwé ọkùnrin náà. Bí mo bá pè é ní òpùrọ́, ara ọmọ ló máa fi san án.' Sátidé nìyẹn, Ọ̀gá Birrell. Ní Mọ́ńdè ẹ pè mí wọ ọ́fíìsì yín." Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí mi, bó ṣe nà án lọ́jọ́ yẹn, ó ní, "Mo sọ fún bàbá mi pé mo fi ọwọ́ kan páànù gbígbóná ní kíláàsì ìdáná. Ó kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ó dáàbò bò mí."

Mo kúnlẹ̀, pẹ̀lú inú tó ń dùn mí yìí, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dìde, pé mò ń dí ọ̀nà àwọn tó fẹ́ ra búrẹ́dì. Ó ní, "Mi ò ní ìdáríjì nílé tí mo lè dì fún yín. Ẹ kọ́kọ́ lọ sọ ọ́ fún àwọn tó ka ìwé tí wọ́n kàn mọ́ pátákó."

Mo ti sọ ọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi òkúta yẹn ṣe nǹkan míì. Ẹ fá orúkọ mi kúrò lára pátákó àwọn tó gba ife, ọdún 1961, kí ẹ sì kọ G. Wedderspoon síbẹ̀. Ẹ̀yin tó wà nínú ìgbìmọ̀ nígbà yẹn, ẹ dárí jì mí pé mo fi ọwọ́ yín ṣe iṣẹ́ ibi mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ jókòó lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, ẹ̀yin tí ara yín ń yá fún ife, mò ń bá yín sọ̀rọ̀. Ohun tó ba ayé mi jẹ́ kò gba àkókò tó èyí tí èèyàn fi ń sín. Kì í ṣe pé mo burú ju yín lọ nígbà náà. Mo kàn gbà pé ipò kan wà tó tọ́ sí mi, ẹnìkan sì dúró níbẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ọjọ́ tí ẹ bá wo ẹni tó dáa jù yín lọ, tí inú bá ń bí yín pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló jù yín lọ. Ẹ tètè lọ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Elspet Wedderspoon wà níta. Ó wà nínú mọ́tò tó dúró lẹ́bàá odi etíkun, aláwọ̀ ewé, láti ìgbà tí ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun kò ní wọlé títí n óò fi sọ ọ́ tán, àti pé òun máa mọ̀ lójú ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde bóyá mo gé e kúrú. N kò gé e kúrú. Kí ẹnìkan nínú yín lọ ṣílẹ̀kùn fún un. Bó bá wọlé, ẹ dìde. Ẹ má na ọwọ́ sí i o, àfi bí òun bá kọ́kọ́ na tirẹ̀.